Àgádágodo Kì Í Jẹ Epo

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń yí iṣẹ́ wò bí ẹni ń yí iṣu wò lórí àtẹ, tí ẹ kò tíì mọ èyí tí ẹ máa gbé, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Èmi kò kàwé. Ọmọ ọmọ mi, Ìbídùn, ló ń kọ ohun tí mò ń sọ yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi gèésì tún un ṣe. Bí mo bá sọ ọ́ ni kó kọ ọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Kọ ìyẹn náà.

Ìyá Lẹ́ẹ̀dì ni gbogbo Festac mọ̀ mí sí. Àwọn ọmọ kan ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ní orúkọ mìíràn. Iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe ni kí irin máa yọ̀ lórí irin: àgádágodo, ilẹ̀kùn, géètì, gbogbo ohun tó bá ń há. Ìyẹ̀fun dúdú tí à ń pè ní lẹ́ẹ̀dì ni mo fi ń ṣe é, ọmọ ìyá èyí tó wà nínú pẹ́ńsù tí ẹ fi ń kọ̀wé. Mo ti gbé tábìlì sílẹ̀ báyìí, orúnkún ò gbà mọ́, àmọ́ ọ̀nà tí mo fi gbé e sílẹ̀ dùn mọ́ mi nínú, nítorí ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ìtìjú. Ibẹ̀ ni mò ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀.

Bàbá Àkànní ni ọ̀gá mi. Ará Abẹ́òkúta ni, ó ga, ó gbẹ bí igi ìdáná, kì í rẹ́rìn-ín láàárọ̀. Ọkọ mi ti kú nígbà náà, mò ń fọṣọ fún àwọn ilé kan, ọ̀nà mi sì máa ń gba iwájú tábìlì bàbá yìí lábẹ́ igi fúrúùtù nítòsí Fọ́ọ̀sì Géètì, ẹnu ọ̀nà Festac. Festac ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún ni, ilẹ̀kùn pọ̀ ju èèyàn lọ. Ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n bá òun wá kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tó jábọ́ sínú yanrìn. Mi ò wò ó, mo kàn tọ́ ilẹ̀ wò pẹ̀lú ìka, mo sì mú un. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní ọwọ́ yìí ń gbọ́ràn. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Iye tó ń fún mi kò tó ohun tí à ń pìtàn: ó nílò ọwọ́, mo nílò oúnjẹ ọmọ.

Àwọn èèyàn wá sọ fún un pé obìnrin kì í ṣiṣẹ́ àgádágodo. Ó ní òun ti bi àgádágodo léèrè, kò fèsì.

Ẹ má rò pé ó jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin kankan o. Oṣù wọlé, oṣù jáde, ìyẹ̀fun ni mò ń ra mọ́ ìka. Á da dúdú méjì sínú ọmọrí agolo mílíìkì. Ọ̀kan ni lẹ́ẹ̀dì tòótọ́. Èkejì ni dúdú inú bátìrì rédíò tó ti kú, tí àwọn ẹlẹ́tàn máa ń lọ̀ kúnná, tí wọ́n ń tà fún aláìmọ̀kan. Lójú, ìbejì ni wọ́n. Á ní kí n dijú, kí n fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ra á, kí n sọ èyí tó jẹ́. Ti bátìrì máa ń ta kókó lábẹ́ ìka bí iyanrìn etí odò. Lẹ́ẹ̀dì tòótọ́ á yọ̀ bí awọ ẹja àrọ̀, á sì fi dídán sílẹ̀ lára ìka bíi fàdákà. Tí mo bá ṣì í, kì í nà mí, kì í pariwo. Á kàn da méjèèjì pọ̀ mọ́ra, á dà á nù, á ní ká tún bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń dùn mí ju pàṣán lọ.

Àárọ̀ ni ìyà mi máa ń pọ̀ jù. Obìnrin kan ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àkàrà tó lè mú olóògbé jí. Bàbá á ní kí n na ọwọ́, á gbóòórùn ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá fi lè gbọ́ òórùn àkàrà, á gbé ọṣẹ dúdú lé mi lọ́wọ́, ó di ìdí ẹ̀rọ omi. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni àkàrà ṣe fún un. Ó ní:

"Àgádágodo kì í jẹ epo. Tó o bá fún un lépo, á fi jẹ eruku. Tó bá ti jẹ eruku yó, á sùn, o ò sì ní lè jí i lọ́jọ́ tó o nílò ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń sọ fún gbogbo oníbàárà mi láti ìgbà náà. Ẹni tí mo bá bá tún àgádágodo ṣe, kò ní kúrò lọ́dọ̀ mi láìgbọ́ ọ.

Nígbà tó wá jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an, bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A máa ń fi epo òyìnbó fọ inú àgádágodo títí tí kò fi ní sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀, a ó sá a sóòrùn títí epo náà á fi fẹ́ lọ pátá. Lẹ́yìn náà, a ó fi ṣóńṣó ìyẹ́ ẹyẹlé bu lẹ́ẹ̀dì díẹ̀, a ó kì í bọ ihò kọ́kọ́rọ́. A ó yí kọ́kọ́rọ́ lọ, yí i bọ̀. A ó nù ún, a ó tún bu òmíràn sí i. Ibi nínù yìí ni ìjà èmi àti bàbá máa ń wà. Èmi fẹ́ kó mọ́ kedere. Á ní, "Ìwọ obìnrin yìí, má nù ún dé egungun. Fi ẹran sílẹ̀ lára ẹ̀." Ó ní tó bá fẹ́lẹ́ jù, kò ní yọ̀ mọ́. Mo ní kí ló dé. Ó ní bó ṣe rí nìyẹn.

Ohun tó kẹ́yìn ni ó fa ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ fún yín. Tí a bá ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán, bàbá á gbé ihò kọ́kọ́rọ́ sún mọ́ ẹnu, á mí sí i jẹ́jẹ́, bí ẹni ń mí sí dígí kó tó nù ún. Lẹ́yìn náà ni á yí kọ́kọ́rọ́, á tẹ́tí sí i. Nígbà ọyẹ́ ó máa ń mí sí i léraléra. Mo bi í pé kí ni ìyẹn wà fún. Ó ní ọ̀gá tòun náà máa ń mí sí i. Mo ní kí ló dé tí ọ̀gá yín fi ń mí sí i? Ó ní ibojì rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta, kí n wọkọ̀ lọ bi í.

Èmi náà wá ń mí sí i. Mo sì fi àléébù tèmi kún un: tí mo bá ń tẹ́tí sí àgádágodo, ètè mi máa ń jó. Mi ò kì í mọ̀ pé mò ń ṣe é. Àwọn ọmọdé máa ń sín mi jẹ.

Bàbá Àkànní kú wẹ́rẹ́, lójú oorun. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí n máa lo tábìlì náà lọ. Àwọn irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Wọ́n kó ọjà wá sí Trade Fair, ohun tí à ń wá lọ sí Ìdúmọ̀tà tẹ́lẹ̀ wá sún mọ́ wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí lẹ́ẹ̀dì nínú ike kékeré tó ní ẹnu ṣóńṣó bíi ti ẹyẹ, tí èèyàn kàn ń tẹ̀ tí á sì fẹ́ wọ inú ihò. Ó dáa, mo rà á, àmọ́ mo ṣì ń da díẹ̀ sí ọwọ́ kí n tó sanwó, torí oníbátìrì ò kú láyé. Ọmọkùnrin kan tó ń tà á wò mí tí mò ń ra á mọ́ ìka, ó ní, "Màmá, gàrí kọ́ lẹ fẹ́ rà o." Mo ní, "Ìwọ lo mọ̀ bóyá gàrí ni." Àwọn ará ìsọ̀ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín títí. Agolo tí wọ́n ń fín bí oògùn ẹ̀fọn náà dé. Ó máa ń rùn dáadáa, ó sì máa ń jẹ́ kí àgádágodo ṣí wàrà lójú ẹsẹ̀. Mo dán an wò lára tilé mi. Nígbà tí òjò fi máa dá, ó ti gbé eruku mì bí ẹni gbé òkèlè mì. Mo padà sídìí lẹ́ẹ̀dì mi.

Bí ayé ṣe ń lọ nìyẹn títí Yéwándé fi gbé àgádágodo wá.

Mo mọ Yéwándé láti ìgbà tó ń wọ yúnífọ́ọ̀mù kọjá níwájú mi. Festac ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ó kàwé, ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó lọ́kọ, ó bí ọmọ méjì. Tósìn ni àkọ́bí. Fúláàtì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni wọ́n ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọmọ ìjọ gidi ni, ẹni tó máa ń fi ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọdún. Lọ́dún yẹn àwọn olè ò jẹ́ kí ará Festac sùn, kálukú ti fi irin dí ojú ilé rẹ̀ pa bí àgò adìyẹ. Tirẹ̀ ní géètì irin níbi àtẹ̀gùn, àgádágodo ńlá kan ló sì wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń há.

Mo tún un ṣe bí mo ṣe ń tún ti gbogbo ayé ṣe. Ó dúró níwájú mi, ó gbé ọmọ kékeré sọ́wọ́. Mo sọ fún un pé àgádágodo kì í jẹ epo, pé kò gbọ́dọ̀ fi epo kankan kan án. Ó ní, "Ó dáa, Màmá." Mo mí sí i, mo tẹ́tí, mo yí i, ó ṣí bí ẹni ṣí ojú. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí i pé ojú rẹ̀ ti yí padà. Mo rò pé oòrùn ni.

Nígbà ọyẹ́, ní ọ̀sán kan, iná ṣẹ́ yọ. Ẹ̀yin náà á rántí bí wọ́n ṣe máa ń lú epo òyìnbó pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù nígbà náà, bí ó ṣe ba ilé ìdáná ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Yéwándé àti ọkọ wà níbi iṣẹ́. Bùkọ́lá, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Sítóòfù bú gbàmù. Ó kó àwọn ọmọ sábẹ́ apá, ó sáré wá sí ẹnu géètì, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ yí dé ìlàjì, ó dúró síbẹ̀.

Mo wà nídìí tábìlì mi nígbà tí mo gbọ́ ariwo. Kí n tó débẹ̀, ọkùnrin wẹ́dà kan tó ń jó irin àti àwọn aládùúgbò ti wà lórí àtẹ̀gùn, wọ́n fi dígà ń ṣẹ́ ìdè géètì náà lára ògiri. Láti abẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ti ń gbọ́ tí Tósìn ń wúkọ́. Géètì já. Wọ́n gbé àwọn ọmọ jáde, ojú wọn dúdú bí ọwọ́ mi, wọ́n yè. Bùkọ́lá ló jóná. Ó ti kọ ẹ̀yìn sí iná kí iná má bàa kan àwọn ọmọ, apá àti èjìká rẹ̀ bó.

Nígbà tí gbogbo èèyàn ń wo ọmọ, èmi ń wo ilẹ̀. Àgádágodo náà wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, kọ́kọ́rọ́ ṣì há sí i lẹ́nu. Mo mú un, mo dì í mọ́ etí ìró mi.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí ọ̀rọ̀ fi ń rìn. Wọ́n ní ìyá yẹn máa ń sọ nǹkan sínú àgádágodo. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá rí ètè rẹ̀ á mọ̀. Wọ́n ní òun ló fi oògùn so àgádágodo náà kó má ṣí. Àwọn tí mo ti ń bá tún ilẹ̀kùn ṣe láti ìgbà tí wọn ò tíì bímọ ń gba òdìkejì títì kọjá. Alága àwọn onílé wá bá mi, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ ọ́: wọ́n máa jókòó lé ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn ìgbálẹ̀ Sátidé tó parí oṣù, ọ̀pọ̀ sì ti ní kí tábìlì mi kúrò. Sùnkànmí ọmọ mi, bàbá Ìbídùn, ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e wálé. Ẹ ti ṣe tó." Téèyàn bá gbé tábìlì kúrò lọ́jọ́ tí wọ́n pè é ní àjẹ́, ṣé kò ti gbà pé àjẹ́ lòun?

Mo tú àgádágodo náà. Ohun tí mo bá nínú rẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú ni, ó dì bí àṣáró tó ti sùn mọ́jú. Lẹ́ẹ̀dì mi ni, epo ti pò ó pọ̀ mọ́ eruku ọyẹ́. Mo gbé e sí imú. Mo mọ òórùn yẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì Sùnkànmí náà ń lò ó: òróró tí wọ́n ń gbàdúrà sí, tí wọ́n ń ta sí ara ilẹ̀kùn.

Mo jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo gbé e sórí itan. Tí mo bá gbé e lọ sí ìpàdé, ọ̀rọ̀ mi ti tán nìyẹn, mo ti là. Kí ló máa wá ṣẹlẹ̀ sí Yéwándé? Àbúrò ọkọ rẹ̀ wà nílé ìwòsàn, apá rẹ̀ ti bó. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí àna ń jẹ́. Kí wọ́n gbọ́ níta gbangba pé ọwọ́ ìyàwó ló sé géètì mọ́ ọmọ wọn? Ọ̀rọ̀ tó bá já sọ́jà, kò sẹ́ni tó lè kó o tán. Mo ní n óò kọ́kọ́ lọ bá a.

Ijegun-Egba ni wọ́n sá lọ, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn yunifásítì ń dáṣẹ́ sílẹ̀, Ìbídùn wà nílé, ó sì tẹ̀ lé mi. A bá Yéwándé lórí ẹní, ó ti rù. Mo kí i kú ewu iná. Ó dá mi lóhùn, kò wò mí. Ó wá ní:

"Màmá, ẹ má bínú. Kí lẹ sọ sínú àgádágodo mi?"

"Mi ò sọ nǹkan kan. Mo mí sí i ni."

"Ètè yín ń jó."

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bi gbogbo ọmọ Festac, wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ tán."

"Kí wá ni mímí náà wà fún?"

Ẹ gbọ́, mo lè purọ́. Mo lè ní mo fi ń gbọn eruku dànù. Mo ní, "Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn."

Ó mi orí bí ẹni tó gbọ́ ohun tó ń bẹ̀rù. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Ni Ìbídùn yìí bá tọrọ gáfárà, ó ní kí Tósìn bá òun mú pẹ́ńsù wá, àti sẹ́lótéèpù tó bá wà nílé.

Ó fi pẹ́ńsù kun bébà títí ó fi dán. Ó lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, ó fà á, dúdú bá a wá. Ó ká téèpù náà lé ara rẹ̀, ó tún fà á ya, ó ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Dúdú di eérú, eérú di òjìji. Ó ní lẹ́ẹ̀dì kò rí bí èlùbọ́, pé ewé ni, ewé tó jókòó lórí ewé, wọn ò di ara wọn mú dáadáa, ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi ń yọ̀ lórí èkejì. Olùkọ́ wọn sọ fún wọn pé àwọn kan lókè òkun ti fi téèpù ya á báyìí títí ó fi ku ewé kan péré, tí kò sí ohun tó tún lè tín-ín-rín jù ú lọ.

Mo ní, "Á mà yọ̀ gan-an o, ewé kan péré yẹn."

Ó ní rárá. Ó gba ìborùn ẹ̀gbọ́n Yéwándé, ọ̀kan tó fẹ́lẹ́, ó tẹ́ ẹ sórí táìsì. Ó fi gìgísẹ̀ wọ́ ọ, aṣọ ká jọ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ sì há. Ó ṣẹ́ ìborùn náà po nípọn, ó tún wọ́ ọ, kò ká jọ mọ́. Lẹ́yìn náà, ó da omi sílẹ̀, ó tẹ́ ẹ gbalaja sórí omi, aṣọ lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rí i pé ewé kan ṣoṣo máa ń ká jọ níwájú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi wọ́ ọ, tí wọ́n bá pọ̀ wọn kì í ká jọ, èyí tó bá sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa kì í ká jọ.

Mo di orí mú. Má nù ún dé egungun! Bàbá Àkànní, ẹni tí ò mọ Á yàtọ̀ sí B. Mo ní ìdí nìyẹn tó fi ń fọ irin bí ẹni ń fọ òkú, kí ewé lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ìbídùn ní ó ṣeé ṣe.

"Mímí náà ńkọ́?" Yéwándé ló béèrè. Ó ti dìde jókòó.

Ìbídùn ní àwọn ewé yẹn máa ń fẹ́ ọ̀rinrin díẹ̀ kí wọ́n tó lè yọ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ pátápátá, wọ́n á máa họ irin, wọ́n á sì di eruku. Ó ní òun ò lè búra pé ọyẹ́ Èkó gbẹ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ mí sí i, ó ti rí nǹkan kan.

Yéwándé mú téèpù náà, ó ń wo òjìji tó wà lára rẹ̀.

"Màmá, mo da òróró sí i."

"Mo sọ fún ẹ pé kì í jẹ epo."

"Mi ò kà á sí epo, Màmá. Àdúrà ni mo kà á sí. Ẹ̀rù yín ló bà mí. Bí mo ṣe délé ni mo gbàdúrà sí i, mo sì dà á sí i kó wọlé dáadáa."

Ìgbà yẹn ni mo tú etí ìró mi, mo gbé àgádágodo náà jáde. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ẹkún tó sun, mi ò fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síbí. Mo jẹ́ kó sunkún tó, mo ní èmi ò ní gbé e lọ sí ìpàdé. "Tìẹ ni. Fi sínú báàgì rẹ. Ohun tó o bá fẹ́ ṣe sí i ni kó o ṣe."

Nígbà tí a ń bọ̀ lọ́nà, Ìbídùn bínú sí mi. Ó ní mo ti fi ẹ̀rí mi tọrẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Sátidé yẹn dé. Wọ́n gbálẹ̀ tán, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kálukú sì gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ dání. Wọ́n ní kí n sọ tẹnu mi. Mo ní mo fọ̀ ọ́, mo fi lẹ́ẹ̀dì sí i, mo mí sí i. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ẹ kú mímí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága tẹ orí ba, ó ní inú òun ò dùn sí i, ṣùgbọ́n tí ìlú bá ti fohùn ṣọ̀kan, kò sí ohun tí òun lè ṣe. Mo ti ń wo ibi tí wọ́n á gbé tábìlì gbà.

Ni Yéwándé bá wọlé. Bùkọ́lá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé apá sínú báńdéèjì. Gbogbo wọn dìde fún un. Yéwándé kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó ní òun lòun da òróró sí àgádágodo náà, pé Màmá ti kìlọ̀ fún òun. Ó gbé e jáde nínú báàgì, ó gbé e lé Alága lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Gbogbo ojú yí sí Bùkọ́lá.

Ọmọbìnrin náà ò pariwo. Ó ní, "Ìyàwó wa ti sọ fún mi kó tó sọ fún yín. Ó kúnlẹ̀ fún mi ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni, a ti parí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Màmá máa lọ sídìí tábìlì wọn." Ó wá fi ọwọ́ tó yè fa Yéwándé dìde.

Nígbà tí wọ́n tún ilé náà ṣe tán, Yéwándé gbé àgádágodo tuntun wá bá mi. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo bu lẹ́ẹ̀dì sí i, mo nù ún, mo fi ẹran sílẹ̀ lára rẹ̀. Nígbà tó kan mímí, mo gbé e sún mọ́ ẹnu, mo sì dúró. Mo nà án sí i. Mo ní, "Ìwọ ni kó o mí sí i."

Ó mí sí i. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó ṣí. Ó mú ìgò òróró kékeré jáde nínú báàgì, ó wò mí bí ọmọ tó fẹ́ bu ẹran nínú ìkòkò. Mo ní àtẹ́rígbà fẹ̀, kó lọ fi sí ibẹ̀ bó bá ṣe wù ú tó. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ yẹn títí mo fi gbé tábìlì sílẹ̀, mi ò mí sí àgádágodo ẹnikẹ́ni mọ́. Olóhun ló ń mí sí i fúnra rẹ̀. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń gba ọ̀nà jíjìn wá nítorí ẹ̀, àní láti Ìdúmọ̀tà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yí iṣẹ́ wò, èyí tí ẹ bá gbé, ẹ gbé e tọwọ́-tẹsẹ̀. Ẹ ṣe ohun tí ọ̀gá ní kí ẹ ṣe. Tó bá sì ní kí ẹ lọ béèrè ìdí rẹ̀ ní ibojì, ẹ má wọkọ̀ lọ, àmọ́ ẹ má gbàgbé ìbéèrè náà. Ẹnì kan lè wá dáhùn ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ò rò, kó sì jẹ́ ọmọ ọmọ yín.

Ìdáṣẹ́sílẹ̀ mìíràn tún ti parí, wọ́n ti pe àwọn ọmọ yunifásítì padà sẹ́nu ẹ̀kọ́. Àpótí Ìbídùn wà lẹ́nu ọ̀nà, àgádágodo rẹ̀ wà lórí itan mi, mo ti ṣe é tán. Ó tó, ọmọ mi, gbé bíírò sílẹ̀. Wá mí sí i.